Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Ohun Ìdáná àti Ìtọ́jú Sítóòfù nínú Yàrá Kótópó

Ìfáàrà



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí sítóòfù. Ìdí méjì ni mo ní. Èkíní ni pé ìmọ̀ nípa iná pọ̀ nínú òwe àti ọ̀rọ̀ ẹnu wa ju bí a ti ń fọkàn sí i lọ, iṣẹ́ irú wa sì ni láti tú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀. Èkejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: iná ilé ìdáná ń pa ènìyàn láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ohun tí ì bá gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là kò ju ìmọ̀ tí a lè sọ tán ní wákàtí kan.

Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ń gbé. Ní àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ ya wá láti ìgbèríko gbogbo, àwọn onílé sì kọ́ irú ilé tí ó lè gba èrò: ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń sùn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń dáná nínú irú yàrá kan bẹ́ẹ̀. Ó dà bí inú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a fi òrùlé bò: ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, ẹrù títí dé àjà. Ẹni tí ó bá dáná níbẹ̀, òun àti iná ni wọ́n jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Gbólóhùn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

1. Òkúta mẹ́ta

Àwọn àgbà sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. A máa ń fi òwe yìí gba ènìyàn níyànjú nípa ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dá a padà sí ilé ìdáná tí ó ti wá. Òkúta mẹ́ta ni iná inú yàrá dúró lé. Èkíní ni ohun tí ó ń jó: igi, èédú, kẹrosíìnì tàbí gáàsì. Èkejì ni ààrò fúnra rẹ̀ àti ọwọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìkòkò yóò dà, bí ó ti wù kí àwọn méjì yòókù dára tó. Àwọn tí ń lọ sọ́jà lọ ra ohun ìdáná máa ń béèrè iye owó, wọ́n á sì dúró níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹni tí ó yan ohun ìdáná ti yan irú ìtọ́jú àti irú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ó dára pé iná kì í fi ìwà rẹ̀ pamọ́. Èéfín nìwà, wọ́n ní rírú ní ń rú. Nígbà tí iná kẹrosíìnì tàbí ti gáàsì bá rí afẹ́fẹ́ tó, àwọ̀ aró ni yóò ní, ìdí ìkòkò kò ní dúdú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, tàbí tí ẹnu ààrò bá dí, yóò pọ́n rúsúrúsú, yóò máa rú èéfín, yóò sì máa kun ìkòkò. Nítorí náà, bí ìkòkò yín bá ń dúdú lónìí tí kò dúdú lánàá, ẹ má ṣe bá kànìnkànìn nìkan jà. Ààrò ni ó ń ránṣẹ́ sí yín.

2. Láti igi dé kẹrosíìnì

Àwọn ìyá wa mọ igi yàtọ̀ sí igi. Wọ́n mọ̀ pé igi tútù ń jẹ ìṣáná, ó ń ta ojú, kì í sì í mú ìkòkò hó. Wọ́n mọ̀ pé àyìn le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ìhá ẹyìn dára láti fi ran iná. Ṣùgbọ́n ìta gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti ń dáná náà. Ìmọ̀ wọn pé pérépéré fún ibi tí wọ́n wà. Àwa ni a kó iná wọlé.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí agbègbè yìí ti ń wo bí ohun ìdáná ti ń pààrọ̀ ara wọn. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Agége wà lójú ọ̀nà náà, àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá níbẹ̀ sì ń jẹ èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n wá rí ní Enúgu ní ọdún 1909. Búrẹ́dì Agége ní tirẹ̀, ààrò ńlá tí a fi igi dáná sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yan án kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Kẹrosíìnì, tí àwọn àgbà ń pè ní epo òyìnbó, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá sí ìdí rẹ̀. Abraham Gesner, ará Kánádà, ni ó fi bí a ti ń yọ ọ́ hàn ní ọdún 1846, òun náà ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìda. Fìtílà wa tí ó ti ń mu àdín àti òrí láti ayébáyé yí padà sí i. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1892, Frans Wilhelm Lindqvist ní Stockholm, olú ìlú Sweden, ṣe sítóòfù onípọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní Primus. Àwọn atukọ̀ àti àwọn arìnrìn-àjò gbé e lọ síbi gbogbo; Roald Amundsen lò ó nígbà tí ó dé òpin ayé níhà gúúsù ní ọdún 1911. Ṣùgbọ́n sítóòfù olówùú ni ó wá di ti gbogbo ilé.

Àwọn ọmọ ìgbà mi kò lè gbàgbé ìlà tí a ń tò fún kẹrosíìnì, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó jẹ́ ohun ìdáná mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkójọ ìṣirò ròyìn pé iye tí wọ́n ń ta lítà kan káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ti kọjá 1,100 náírà. Ọ̀pọ̀ ilé ti sá lọ sídìí gáàsì, àwọn tí gáàsì kọjá agbára wọn sì padà sídìí èédú. Wọ́n pààrọ̀ ohun ìdáná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò pààrọ̀ ìṣe wọn. Níbẹ̀ ni ewu wà.

3. Kẹrosíìnì àti àdàlù rẹ̀

Bí ẹ bá dúró ní Ìkẹjà tí ọkọ̀ òfurufú kọjá lórí yín lọ sí pápákọ̀ Murtala Muhammed, ẹ rántí pé irú epo tí ó ń mu àti èyí tí sítóòfù ń mu, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kẹrosíìnì gidi kò gba iná kíákíá. Epo kò lè gbiná títí yóò fi tú atẹ́gùn epo sókè tó, kẹrosíìnì tí ó péye kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Yàrá wa kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ṣeé gbé sínú ilé, tí ó sì fi nílò òwú kí ó tó lè jó.

Ti pẹtiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tirẹ̀ rẹlẹ̀ tó 40 sí ìsàlẹ̀ òdo. Nínú otútù tí ń sọ omi di yìnyín pàápàá, ó ń tú atẹ́gùn tí ó lè gbiná. Bí wọ́n bá da ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì, ìlà ààbò yẹn ti wó. Epo náà yóò máa tú atẹ́gùn sínú agolo sítóòfù ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ iná kan péré ni ó sì ń dúró dè. Ojú kò lè fi gbogbo ìgbà dá àdàlù mọ̀. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ tàbí àgbá tí wọ́n ti fi gbé pẹtiróòlù ni wọ́n fi gbé kẹrosíìnì láìfọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn, olójúkòkòrò ni ó dà á pọ̀ nítorí èrè.

Kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1988, àwọn dókítà kan ní Èkó tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí iná jó nígbà tí àtùpà àti sítóòfù kẹrosíìnì bú gbàmù. Ní ọdún 2001, irú àjálù bẹ́ẹ̀ ṣọṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Edo. Bí pẹtiróòlù ti ń pa ní ìta, Abúlé-Ẹ̀gbá tí ó múlé gbe Agége mọ̀ ọ́n: ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, epo tí wọ́n ń bù láti ara ọ̀pá tí wọ́n lu gbiná, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú.

Ohun tí onílé lè ṣe kò ju mẹ́rin lọ. Kí ó ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ibùdó tí a mọ̀, tí a lè padà lọ bá. Kí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì yàtọ̀ ní àwọ̀ àti ní ibi ìpamọ́ sí ti pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, nítorí inú ilé gan-an ni ọ̀pọ̀ àdàlù ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọmọ bá gbé kẹ́ẹ̀gì ṣì. Bí epo bá ń rùn fín-ín-fín bí pẹtiróòlù, kí ó má ṣe dà á sínú ohunkóhun tí yóò jó, kí ó má sì ṣe fi ìṣáná dán an wò nínú ilé. Ẹ̀kẹrin, bí iná sítóòfù bá ń fò sókè ju bí a ti yí òwú sí, kí ó jìnnà sí i.

4. Ìtọ́jú sítóòfù olówùú

Mo mọ obìnrin kan ní àdúgbò wa, olóúnjẹ ni, tí apá rẹ̀ méjèèjì jóná nígbà tí ó ń bu epo kún sítóòfù ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo kí i, ohun tí ó sọ fún mi ni pé, “Bùọ̀dá, mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń jó.” Òótọ́ ni ó sọ. Iná àwọ̀ aró tí a yìn pé ó mọ́ yẹn, ojú kò rí i dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ni pé a kì í bu epo sí sítóòfù tí ó ń jó tàbí tí ó ṣì gbóná. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí agolo rẹ̀ tutù títí ọwọ́ yóò fi lè dúró lára rẹ̀, kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ má ṣe bu epo kún un dé ẹnu. Epo máa ń wú bí ó bá gbóná, ó sì nílò àyè. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí omi àti ìdọ̀tí má bàa wọlé. Sítóòfù tí ń ta pàràpàrà, omi ni ó sábà máa ń wà nínú epo rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí epo gbẹ tán nínú rẹ̀, nítorí òwú tí kò rí epo mu, ara rẹ̀ ni yóò jó.

Òwú ni ọkàn sítóòfù. Kí iye rẹ̀ pé bí ẹni tí ó ṣe sítóòfù ti ṣètò rẹ̀. Ihò tí òwú kò sí nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí iná lè gbà yọjú sínú agolo epo. Kí orí wọn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju àwọn yòókù lọ, òun ni yóò máa rú èéfín fún gbogbo wọn. Ẹ máa fi sáàsì gé orí tí ó ti jó di èédú, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá le gan tí wọn kò mu epo mọ́. Àwọn agolo oníhò tí ó yí iná ká, ẹnu tí ó fi ń mí ni ihò wọn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n wọ́n, ẹ fi abẹ́rẹ́ tú èyí tí ó dí. Ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ sítóòfù mọ́jú. Bí epo bá kán sí i, agolo ti ń jò, a kì í sì í fi ọṣẹ tàbí gọ́ọ̀mù dí irú rẹ̀.

Bí iná bá sì ré kọjá agbára, omi kì í pa iná epo. Orí omi ni epo yóò máa léfòó tí yóò máa jó lọ. Iyanrìn, erùpẹ̀ tàbí aṣọ nípọn tí a rẹ sínú omi tí a sì fún ni a fi ń bò ó.

5. Èédú àti afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èédú kò léwu nítorí pé kì í rú èéfín. Èyí ni àṣìṣe tí ó ń pani jù. Nígbà tí èédú bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Ìlọ́po tí ó lé ní 200 ni ó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́ksíjìn tí ń gbé ẹ̀mí wa ró. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, òòyì yóò kọ́ ọ, yóò fẹ́ bì, oorun yóò sì gbé e lọ. Níhìn-ín ni òwe wa ti kùnà díẹ̀: ìwà kan wà tí kì í rú.

Ní alẹ́ òjò, tàbí nígbà ọyẹ́, ìdílé lè gbé àdògán wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí otútù àti ẹ̀fọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn kò jí, àwọn aládùúgbò yóò máa wo ara wọn lójú. Wọn yóò ní ọwọ́ ayé ni, tàbí oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Mo ti rí i tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tú ilé ká. Bí mo bá rí ohun kan ṣoṣo gbé fún yín lọ sílé lónìí, òun ni pé kí àdògán má ṣe sun yàrá kan náà pẹ̀lú ènìyàn. Ìta ni kí a ti dáná rẹ̀, ìta ni kí ó sùn, àní nígbà tí ó bá dà bí ẹni pé eérú ti bò ó. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ṣùgbọ́n iná tí ó fi eérú bojú kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òkú. Òfin kan náà ni ti jẹnẹrétọ̀.

Àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi ní ìlú olótùútù mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, nítorí sítóòfù ni wọ́n fi ń yá ara nínú ibùsùn kótópó wọn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni ìlànà ààbò ọkọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè pé kí agogo tí ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá wà nílé wà nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń ṣí ihò afẹ́fẹ́ méjì sílẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé kí èyí tí ó gbóná sì jáde. Yàrá tiwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: fèrèsé lápá kan, ilẹ̀kùn lápá kejì.

6. Gáàsì

Gáàsì mọ́ ju àwọn tí a ti kà lọ, mo sì gbà pé ẹni tí ó bá lágbára rẹ̀ kí ó lò ó. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, kì í fò jáde láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ni yóò máa tẹ́ lé bí omi, títí yóò fi bá iná pàdé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi ohun olóòórùn kan sí i. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì ṣe pa á. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì jáde.

Ìta ni kí sìlíńdà dúró sí bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó wà ní òró. Ọṣẹ tí a pò mọ́ omi ni a fi ń wá ibi tí ó ń jò lára rọ́bà àti oríkèé. Bí ó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Rọ́bà tí ó ti sán tàbí tí ó ti le, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dì í lókùn. Bí ẹ bá dáná tán, ẹnu sìlíńdà ni kí ẹ tì, kì í ṣe ti orí ààrò nìkan.

7. Sítóòfù ọkọ̀ ojú omi tí ó dé Ìbàdàn

Ó ku ohun ìdáná kan tí a kò kà sí. Ẹ̀mí ọtí ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ethanol, èyí kan náà tí ó wà nínú ògógóró. Àwọn ará Sweden ti ṣe sítóòfù tí ń lò ó fún inú ọkọ̀ ojú omi, nítorí inú irin tí ń fà á mu bí kànìnkànìn ni epo rẹ̀ ń wà, kò lè dà sílẹ̀ bí ìgbì bá gbọn ọkọ̀. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní CleanCook fún ilé.

Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago gbé e fún àwọn aláboyún ní Ìbàdàn. Aláboyún 324 ni wọ́n bá ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lo kẹrosíìnì tàbí igi wọn lọ, wọ́n fún àwọn yòókù ní sítóòfù ọlọ́tí. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò yí padà, ṣùgbọ́n 1.9 péré ni ti àwọn tí ó lo ọtí. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn láti ọdún 2014 pé kí a yẹra fún lílo kẹrosíìnì nínú ilé. Àjọ kan náà ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé ṣe ikú pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní àgbáyé ní ọdún 2020. Sítóòfù ọlọ́tí náà ní èèwọ̀ tirẹ̀: iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lójú rárá lọ́sàn-án, nítorí náà a kò gbọdọ̀ bu epo kún un láìjẹ́ pé ó ti tutù.

Àkótán

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yan ohun ìdáná lọ́la, kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta lẹ́yìn ti owó. Ta ni ó ń tà á fún mi, ǹjẹ́ mo lè gbà á gbọ́? Ta ni yóò máa tọ́jú ààrò náà nínú ilé wa, ṣé ó sì mọ bí a ti ń ṣe é? Níbo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, níbo ni yóò sì gbà jáde? Ẹni tí ó rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi kẹrosíìnì dáná láìléwu ju ẹni tí ó ra gáàsì tí kò bi ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹni tí kò rí ìdáhùn sí ti ẹ̀kẹta, kí ó gbé ààrò rẹ̀ lọ síta gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa ka àwọ̀ iná bí wọ́n ti ń ka ìwé. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.